Ẹni tuntun nínú League of Legends: kí ni a ń ṣe sí àwọn tí ń búni nínú ikọ̀ ẹni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ni ó fi League of Legends hàn mí, mo sì ń gbá a lórí sáfà ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, nítorí pé kò sí sáfà rẹ̀ ní Nàìjíríà. Eré náà dùn mọ́ mi púpọ̀. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí n wọlé kí ẹnìkan nínú ikọ̀ tèmi gan-an má sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi. Bí mo bá kú lẹ́ẹ̀mejì ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn á ní kí n lọ pa géèmù náà rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi. Bí mo bá béèrè ohun tí ó yẹ kí n rà, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọ̀wé sí àwọn alátakò pé kí wọ́n máa bọ̀ ní ojú ọ̀nà mi, torí pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wà. Àwọn alátakò kì í bú mi. Àwọn tí a jọ ń wá ìṣẹ́gun kan náà ni wọ́n ń bú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí eré yìí ṣe rí nìyí, àbí èmi ni n kò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́? N kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Àgbà Support (Ìbàdàn)

Àbúrò, kú ìrọ́jú. Bí ó ṣe rí nìyẹn fún gbogbo wa nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan wà tí o lè ṣe sí i. Kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń fa ìbínú yẹn ná, nítorí pé bí o bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kò ní máa wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Riot Games gbé eré yìí jáde ní October 2009, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ ti wà ṣáájú nínú DotA, eré kan tí àwọn olólùfẹ́ eré Warcraft III fi ọwọ́ ara wọn ṣe: ènìyàn márùn-ún dojú kọ márùn-ún, ọ̀nà mẹ́ta, igbó láàárín àwọn ọ̀nà náà, àti ilé ńlá kan lẹ́yìn tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Wá wo bí wọ́n ṣe so yín pọ̀. Ẹ̀yin márùn-ún kò mọ ara yín rí. Ìdíje kan lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjìyà sì ń bẹ fún ẹni tí ó bá jáde kí ó tó parí. Ní pápá àdúgbò, bí bọ́ọ̀lù kò bá dùn mọ́, ènìyàn á gbé bàtà rẹ̀, á lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì lè fi ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá ṣọ́ ojú ilé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́lẹ̀. League kò fún yín ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Góòlù tí alátakò gbà nígbà tí ó pa ọ́ ni ó máa fi ra ohun ìjà, ohun ìjà yẹn náà ni yóò sì fi pa ẹlòmíràn nínú ikọ̀ rẹ ní òdìkejì pápá. Àṣìṣe rẹ ń rìn kiri. Ẹni tí ó ń ṣe dáadáa ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ wá rí i pé òun ń kú nítorí ohun tí òun kò ṣe, kò sì sí ibi tí ó lè bá lọ. Nínú ìhá yẹn ni ìbínú ti ń jáde. N kò sọ pé èébú náà tọ́ o.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé àwọn tí ó ń bú ọ kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn burúkú kan tí a lè yẹra fún. Jeffrey Lin, tí ó bójú tó ọ̀rọ̀ ìwà àwọn tí ń gbá eré náà ní Riot nígbà kan, ṣàlàyé pé àwọn tí ìwàkiwà ti di bárakú fún kò ju bí 1% lọ, àti pé bí 5% péré nínú gbogbo ìwàkiwà náà ni ó ti ọwọ́ wọn wá. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ ń wá láti ọwọ́ àwọn tí kì í sábà búni, tí ọjọ́ kan kàn burú fún. Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ lé gbogbo àwọn ògbólógbòó elébu kúrò lónìí, èébú tí ìwọ yóò gbà lọ́la kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tuntun pé kí wọ́n má dúró de ìgbà tí wọn yóò bú wọn kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Kọ /mute all, àṣẹ tí kì í jẹ́ kí o rí ọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù ń kọ, sínú chat ní kété tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Má ṣe é pẹ̀lú ìbínú, má sì kéde pé o ti ṣe é.

Àwọn kan á ní chat ṣe pàtàkì fún ìṣọ̀kan ikọ̀. Ní ìpele tí o wà yìí, n kò rí ìṣọ̀kan kankan tí wọ́n ń fi chat ṣe. Nígbà tí Riot dán an wò láti pa chat tí ó wà láàárín ikọ̀ méjèèjì, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ní láti lọ tàn án fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ burúkú dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tí ń lò ó kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìdènà kékeré yẹn tó láti jẹ́ kí ènìyàn ronú kí ó tó kọ̀wé.

Ará Peckham

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un kí àbúrò wa má baà ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́ kúrò lójú rẹ, ṣùgbọ́n má pa ping mọ́, ìyẹn àwọn àmì tí a ń tẹ̀ sórí pápá láti fi bá ara ẹni sọ̀rọ̀. Àmì tí ó ń sọ pé alátakò ti kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀, èyí tí ó ń sọ pé kí o padà sẹ́yìn, àti èyí tí ó ń sọ pé mo ń bọ̀, àwọn ni wọ́n ń gba ẹ̀mí ẹni là. Òótọ́ ni pé àwọn aláìlójútì ń fi àmì ìbéèrè ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọn á máa tẹ̀ ẹ́ lé òkú rẹ lórí léraléra. Bí ẹnìkan bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, tẹ Tab, wàá rí orúkọ ẹ̀yin márààrún. O lè pa ping ẹni yẹn nìkan mọ́ níbẹ̀, kí o sì fi tàwọn yòókù sílẹ̀.

Nípa ẹlẹ́yàmẹ̀yà, torí pé ó máa kàn ọ́ lọ́jọ́ kan bí orúkọ àkántì rẹ bá fi hàn pé ọmọ Áfíríkà ni ọ́: má dáhùn, fi ẹjọ́ ẹni náà sùn lẹ́yìn eré, kí o sì yan èébú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn, kì í ṣe pé kò mọ eré gbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹjọ́ tí a ń fi sùn kì í dé ibì kankan. Ó ń dé. Láti 2011 títí di 2014, àwọn tí ń gbá eré náà fúnra wọn ni wọ́n ń jókòó ṣe ìdájọ́ nínú ohun tí Riot pè ní Tribunal: wọn á ka ohun tí ẹni náà kọ, wọn á sì dìbò bóyá kí wọ́n jẹ ẹ́ níyà tàbí kí wọ́n dárí jì í. Ẹ̀rọ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn báyìí, ó sì yá ju ìgbìmọ̀ lọ. Okìkí kì í gba ènìyàn sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú: ní 2016, Riot kéde pé gbogbo àkántì tí wọ́n bá ti bá Tyler1, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kan nínú eré náà, lórí rẹ̀ ni àwọn yóò máa tì pa, bẹ́ẹ̀ ẹgbàágbèje ènìyàn ni ó ń wo eré rẹ̀ lórí Twitch. January 2018 ni wọ́n tó gbà á padà, lẹ́yìn tí ó ti tún ìwà rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti fi Yorùbá bú wọn padà nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́, ẹ ṣọ́ra. Sáfà tí ẹ wà lórí rẹ̀ yẹn ni gbogbo wa tí a wà ní London ń lò. Mo ti bá ẹni tí ó ń fi Yorùbá bú ìyá ọmọ Pólándì kan pàdé rí, mo sì kí i pé ẹ kú alẹ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí eré fi parí.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sọ. Mo gbà pé èébú kò dára. Ṣùgbọ́n àwọn ẹni tuntun mìíràn ń wọ inú ìdíje láìtíì ka ohun tí akọni wọn, ìyẹn ẹni inú eré tí wọ́n ń lò, lè ṣe, wọn á sì gba àárín pápá mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò fi ọwọ́ kan akọni náà. Àkókò ènìyàn mẹ́rin mìíràn ni wọ́n ń ná. Ẹni tí ó ń kọ́ nǹkan ní gbèsè díẹ̀ lọ́rùn sí àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tèmi dá lórí bí o ṣe máa san gbèsè yẹn. Kọ́kọ́ bá kọ̀ǹpútà gbá a títí tí ojú rẹ yóò fi mọ́ pápá náà, torí pé kọ̀ǹpútà kì í búni. Lẹ́yìn náà, Practice Tool wà níbẹ̀: wọ̀ ọ́ ní ìwọ nìkan, kí o máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu minion, àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí ẹ̀rọ ń darí, ní ìlù ìkẹyìn, nítorí pé ẹni tí ó bá lu ìlù ìkẹyìn nìkan ni ó ń gba góòlù. Ẹni tuntun gbà pé pípa ènìyàn ni ó ń sọni di olówó nínú eré yìí. Pípa akọni kan sábà máa ń mú góòlù 300 wá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́ minion mẹ́ta tí o bá pa tán lè mú iye yẹn wá tàbí kí ó jù ú lọ, láìsí pé ẹ̀mí rẹ wà nínú ewu. Bí o bá ti ń pàdánù ní ojú ọ̀nà rẹ, má lépa ẹnikẹ́ni mọ́. Dúró sí abẹ́ ilé ìṣọ́ rẹ, kí o máa gba ohun tí ó bá wá bá ọ. Eré náà fúnra rẹ̀ ṣàánú ẹni tí ó ń kú ju bí àwọn tí ń búni ṣe rò lọ: bí o bá kú léraléra láìpa ẹnikẹ́ni, góòlù tí wọ́n ń rí gbà lórí rẹ á máa dín kù.

Akọni méjì tàbí mẹ́ta tó ọ. Wọ́n ti ju 160 lọ, kò sì sí ẹni tí ó ní kí o mọ gbogbo wọn. Mú Garen bí o bá fẹ́ òkè pápá, nítorí pé ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn ni pé ìfàsẹ́yìn kò gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Mú Ashe bí o bá fẹ́ máa ta ọfà láti òkèèrè. Bí o bá fẹ́ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, Soraka ń wo ènìyàn sàn, ìbínú kì í sì tètè dé bá ẹni tí ó ń wò wọ́n sàn.

Àgbà Support (Ìbàdàn)

Olóòótọ́, ìmọ̀ràn rẹ dára, mo sì fẹ́ kí àbúrò tẹ̀ lé e, pàápàá èyí tí ó jẹ mọ́ ilé ìṣọ́. Ṣùgbọ́n n kò gba ti gbèsè yẹn. Ẹni tí ó wà ní ìpele àkọ́kọ́, ibo ni o fẹ́ kí ó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn jà, bí kì í bá ṣe láàárín àwọn ènìyàn? Riot fúnra rẹ̀ ni kò kọ́ wọn dáadáa. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi sínú eré náà fi bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń ra nǹkan àti bí wọ́n ṣe ń wó ilé ìṣọ́ hàn wọ́n, kò sì sọ ohun tí ó tó nípa ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn sá. Nítorí àìgbọ́n yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ní kí ènìyàn dé ìpele 30 kí ó tó lè wọ inú ranked, ìyẹn ìdíje tí wọ́n ń fi to ènìyàn sí ipò. Àyè tí kì í ṣe ranked wà fún ìkọ́ṣẹ́, ẹni tí ó bá sì ń bínú níbẹ̀ ni ó ṣì ojú ọ̀nà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè ohun kan sí i. Nígbà mìíràn, ẹni tí mo dojú kọ ń gbá a bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìpele rẹ̀ kò ju tèmi lọ. Ṣé ojú mi ni?

Àgbà Support (Ìbàdàn)

Kì í ṣe ojú rẹ. Smurf ni wọ́n ń pè wọ́n: ògbólógbòó tí ó ṣí àkántì tuntun, yálà kí ó lè máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n gbá eré, tàbí kí ó kàn lè máa fi àwọn bíi tìrẹ dárà. Àwọn mìíràn ń gbé àkántì ga láti tà á fún àwọn tí kò ní sùúrù láti dé ìpele 30. Èyí burú fún ẹni tuntun ju èébú lọ, lójú tèmi, nítorí pé o lè pa èébú mọ́, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì tí o lè fi pa ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ mọ́. Ó tún ń bí èébú pẹ̀lú: ẹni tí ó wà ní igbó rí i pé o ti kú lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sì mọ irú ẹni tí ó wà níwájú rẹ.

Àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ní September 2023, Valve, ilé iṣẹ́ tí ó ni Dota 2, eré tí ó tẹ̀ lé DotA, ti àkántì smurf 90,000 pa nínú rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé àwọn lè tọpa irú àkántì bẹ́ẹ̀ dé orí ojúlówó àkántì ẹni tí ó ni ín. Ohun tí Valve ń ṣe níbẹ̀ wù mí nínú ọ̀rọ̀ ìwà náà: ẹnì kọ̀ọ̀kan ní máàkì ìwà tirẹ̀, bí máàkì yẹn bá sì wálẹ̀ jù, ẹni náà kò ní lè sọ̀rọ̀ nínú ìdíje mọ́, àwọn tí ìwà wọn bá tirẹ̀ mu ni wọ́n á sì máa kó o mọ́. Ní ti League, Honor, àmì ìyìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012, ni kí o máa lò. Lẹ́yìn ìdíje, fi í fún ẹni tí ó ṣe sùúrù pẹ̀lú rẹ, kì í ṣe ẹni tí ó pa ènìyàn jù lọ. Kí o sì béèrè lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ bóyá ẹ lè jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń bá gbá a títí di òní, ọ̀nà yẹn ni mo gbà rí wọn.

Ẹlẹ́rọ Inverter (Èkó)

Ẹ ti gbàgbé iná. Fún àwa tí a wà nílé, ìdajì èébú tí a ń gbà, nítorí pé iná lọ ni, tàbí pé íntánẹ́ẹ̀tì ń fà. Eré náà kò mọ̀ pé wọ́n mú iná. Ohun tí ó rí ni pé o sá fi ikọ̀ rẹ sílẹ̀, bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, wọn á máa dá ọ dúró fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kí o tó lè wọlé. Lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára, kí o sì ra UPS kékeré tí wọ́n ṣe fún router nìkan, torí pé router ni ó kọ́kọ́ ń kú nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì wà láàyè. Ṣí hotspot fóònù rẹ sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wàhálà bá dé. Bí o bá jáde, padà wọlé, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Má wọ ìdíje ní àkókò tí o mọ̀ pé wọ́n sábà máa ń mú iná ní àdúgbò rẹ. Nítorí pé ìsọfúnni ní láti lọ sí Yúróòpù kí ó tó padà, fi àwọn akọni tí ó nílò ìka yíyára sílẹ̀ ná.

Ìyá Ìbejì (Abẹ́òkúta)

Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Èmi kì í gbá géèmù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi méjèèjì ń gbá Mobile Legends lórí fóònù, ohun tí ẹ ń sọ yìí náà ni mo sì ń rí níbẹ̀: márùn-ún sí márùn-ún, ọ̀nà mẹ́ta, àti ohùn àwọn àgbàlagbà tí n kò mọ̀ tí wọ́n ń bú ọmọ mi nínú yàrá mi. Ohùn yẹn ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n pa, wọ́n sì rí i pé àwọn ṣì ń borí láìsí i. Ohun kejì, ọ̀rọ̀ àwọn òbí ni: ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ láàárín ìdíje. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń pe ìkan nínú wọn pé kó lọ ra ata, àfi kí ó jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, n kò sì mọ̀ pé máàkì rẹ̀ ń wálẹ̀ àti pé mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Báyìí, a ti jọ gbà pé kí ó béèrè lọ́wọ́ mi kí ó tó tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, èmi náà á ní sùúrù di ìgbà tí ó bá parí.

Ará Peckham

Màmá, ẹ ṣeun. Ì bá dára kí gbogbo ìyá mọ ìyẹn.

Àbúrò, kí n tó gbàgbé: gbìyànjú ARAM, irú ìdíje mìíràn nínú League. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, akọni tí eré náà bá fà yọ ni ènìyàn ń lò, kì í sì pẹ́ tó ti pápá ńlá. Nítorí pé gbogbo yín ni ẹ gba akọni tí ẹ kò retí, ẹnikẹ́ni kì í fi bẹ́ẹ̀ retí pé kí ẹnìkejì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń mọ ohun tí àwọn akọni yòókù lè ṣe, èyí tí yóò wúlò fún ọ nígbà tí o bá dojú kọ wọn ní pápá ńlá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gba Garen, mo sì ti fi ìmọ̀ràn /mute all sílò. Ó yà mí lẹ́nu bí pápá náà ṣe dákẹ́ tó, mo sì wá ń rí àwọn ping tí n kò rí tẹ́lẹ̀ nígbà tí mo ń ka èébú. N kò fẹ́ máa nìkan wọlé mọ́. Bí àyè bá gba àwọn kan nínú yín ní alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kí a jọ gbá ARAM.

Àgbà Support (Ìbàdàn)

Mo wà níbẹ̀, bí iná bá wà.

Ará Peckham

Èmi náà ń bọ̀. Ó ku ẹni méjì.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀

Ẹ kà mí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lépa ènìyàn kọjá ilé ìṣọ́ wọn, màá sọ̀rọ̀ o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa sọ ọ́. Mo ti mọ ibi tí bọ́tìnì yẹn wà.